Àmì Idẹ Mẹ́rin

Ẹ̀rín ni Ba Chisanga fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlélógún kí aago méjì ọ̀sán lù nígbà tí tẹlifóònù orí tábìlì Nkandu dún. Ó gbé e, ó sì gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ẹnu ọ̀nà kòtò Kẹta, níbi tó ti ń ṣọ́ àwọn awakùsà tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde.

"Ìyá Chola, ẹ̀rọ yín ti ya wèrè o! Ọkùnrin mẹ́ta ló dúró síwájú mi yìí, eruku bò wọ́n dé ìpéǹpéjú, ẹ̀rọ yín ní wọn ò wọlẹ̀ lónìí. Ṣé kí n dá wọn padà ni, àbí kí n bi wọ́n bóyá iwin ni wọ́n?"

Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ sọ fún un pé ebi ń pa iwin o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ wá ṣe fún wọn?" Nkandu béèrè.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ẹni tó dọ̀tí tó báyìí, ibo ló tún ti ń bọ̀ bí kì í bá ṣe abẹ́ ilẹ̀?"

"Aago mélòó ni wọ́n wọlé láàárọ̀?"

"Wọ́n pẹ́ dé. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n lọ sin Ba Nsofwa."

Nkandu kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀ láìdágbére, ó yíjú sí ojú ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀: òdo. Òdo ńlá kan, aláwọ̀ ewé, tó ti wà níbẹ̀ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni inú rẹ̀ máa ń dùn bó bá rí òdo yìí, nítorí ó túmọ̀ sí pé gbogbo ọmọ ènìyàn tó wọlẹ̀ láàárọ̀ ti padà sókè. Lónìí, kò gbà á gbọ́.

Ní ibi ìwakùsà yẹn, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń tanná ran ẹ̀tù. Àwọn tó wọlé láàárọ̀ á ti gbẹ́ ihò sára àpáta, wọ́n á ti ki ẹ̀tù bọ inú ihò, wọ́n á ti na wáyà rẹ̀ sókè, wọ́n á sì ti jáde. Láti ilé ẹ̀tù tó wà lórí ilẹ̀ ni ọkùnrin kan á ti yí kọ́kọ́rọ́ méjì, tí àpáta ìsàlẹ̀ á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lásìkò náà, bí àpáta ò bá pa á, èéfín á pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é lófin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ àfi bí àkọsílẹ̀ bá ní òdo. Ọwọ́ Nkandu sì ni àkọsílẹ̀ ọ̀hún wà.

Àwọn mẹ́ta tí Ba Chisanga ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti wọlẹ̀, wọ́n ti jáde, àkọsílẹ̀ ò sì mọ̀ wọ́n rí. Bí kò bá mọ àwọn wọ̀nyí, ta ni kò tún mọ̀?

Ó rántí bàbá rẹ̀.

Ba Lombe, bàbá tó bí Nkandu, ló ń ṣọ́ pọ́ǹpù tó ń fa omi kúrò nísàlẹ̀ pátápátá. Òun náà wà lára àwọn tó lọ síbi ìsìnkú láàárọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ló gba iwájú fèrèsé Nkandu kọjá, òun àti àwọn onípáìpù mẹ́ta tó fẹ́ bá a tún ibi tí omi ti ń jò ṣe. Ó gbé agolo oúnjẹ rẹ̀ sókè láti fi kí i. Nkandu fúnra rẹ̀ ló ro ubwali, òkèlè àgbàdo, sínú agolo náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó tún ojú bọ orí ẹ̀rọ, ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ wá a fún òun. Ẹ̀rọ dáhùn pé ọkùnrin náà ò wọlẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Nkandu ṣe, nítorí òun ló ṣe é, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yẹn ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àwọn tó kọ ọ́ ti darúgbó tàbí kí wọ́n ti kú, kò sì sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kan inú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ ọ́ fún dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Nkandu gbé ètò náà sínú ẹ̀rọ tuntun kan tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ àtijọ́ ọ̀hún. Dísíìkì inú rẹ̀ pàápàá, àfarawé ni. Kò sí irin kankan tó ń yí níbẹ̀, fáìlì lásán ni, ṣùgbọ́n ètò àgbà náà ò mọ̀. Ó rò pé inú ilé òun àtijọ́ lòun ṣì wà.

Láyé dísíìkì àtijọ́, bí ètò bá ní "kọ ọ́", dísíìkì á kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kó tó dáhùn pé ó ti parí. Ti ìsinsìnyí ò rí bẹ́ẹ̀. Á gba ọ̀rọ̀ náà, á ní ó ti parí, á sì fi í pamọ́ sínú ìrántí rẹ̀ títí dìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Bí iná bá lọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bá iná lọ nìyẹn. Àwọn ètò tuntun mọ ìwà yìí, torí náà bí nǹkan bá ṣe kókó, wọ́n á pàṣẹ fún un pé kó kọ ọ́ nísinsìnyí, kó má dúró. Ètò àgbà ò mọ àṣẹ yẹn, torí kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Tìtorí irú rẹ̀ ni àwọn tó ṣe dísíìkì àfarawé ṣe fi àṣà àtijọ́ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, pé ètò tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ yẹn, kí dísíìkì máa kọ tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé ó ti pa á.

Àṣà yẹn ni Nkandu yọ kúrò.

Ìlà àárọ̀ ló sún un débẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ni káàdì ẹnìkan máa ń gbà kí ẹnu ọ̀nà tó ṣí, nítorí ẹ̀rọ ní láti kọ orúkọ rẹ̀ tán ná. Oṣù kẹfà ni, ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wọn, òtútù ń mú bí ẹní ń fi abẹ géni, àwọn ọkùnrin á sì tò gùn dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á máa bú ẹ̀rọ, wọ́n á sì máa bú ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀dà tuntun ẹ̀rọ náà dé, ó sì bi Nkandu bóyá kóun dá àṣà àtijọ́ sí àbí kóun yọ ọ́. Kì í ṣe pé kò wádìí o. Ó tú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wò láti mọ ẹni tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n kọ nǹkan lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa á, kò tiẹ̀ sí ẹyọ kan. Ó ní a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ nìyẹn. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó lọ jẹun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlà ti pòórá. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́ fún un lójú fèrèsé. Ba Chisanga gbé ìfìtúmbúwà gbígbóná, ìyẹ̀fun díndín, wá fún un nínú bébà, ó ní, "Ìyá Chola, ọwọ́ yín ò ní rà." Ọ̀gá àgbà ní orí rẹ̀ pé. Ó gba ìyìn náà, ó sì dùn mọ́ ọn.

Òní sì ni Ọjọ́bọ̀. Ní aago mọ́kànlá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná ìjọba lọ. Bátìrì tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ dúró ti kú láti ìgbà òjò. Jẹnẹrétọ̀ gbiná kíá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti kú, ó sì ti tún tàn. Nkandu wò ó, ó rí i tí orúkọ pọ̀ lójú rẹ̀, ó ní "Ọlọ́run ṣeun," ó sì padà sídìí tíì rẹ̀. Kò ka orúkọ náà.

Ó wá yé e báyìí. Gbogbo ẹni tó wọlẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ọwọ́ ẹ̀rọ ò tíì dilẹ̀ láti kọ tiwọn, inú ìrántí rẹ̀ ni orúkọ wọn wà. Iná lọ, orúkọ wọn bá a lọ. Bàbá òun wà nísàlẹ̀, òdo sì wà lójú ẹ̀rọ.

Ó fa tẹlifóònù mọ́ra, ó pe ilé ẹ̀tù. Kò wọlé. Bí àkọsílẹ̀ bá ti di òdo, wọ́n máa ń yọ wáyà tẹlifóònù ilé ẹ̀tù àti ti ìsàlẹ̀ kúrò kí iná kankan má baà ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá. Ó mọ òfin yìí dáadáa, síbẹ̀ ó tún pè, ó tún pè lẹ́ẹ̀kẹta, àfi bí ẹni tí kò gbọ́n. Níbi tó ti ń pè é ni fèrè àkọ́kọ́ ti dún. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nkandu sáré jáde. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ lórí àtẹ̀gùn, kò padà mú un. Ilé ẹ̀tù wà ní òdìkejì àgbàlá lọ́hùn-ún, lẹ́yìn òkìtì òkúta. Bó ṣe ń sáré lọ, ọ̀rọ̀ kan kọ lù ú lọ́kàn. Kí ló fẹ́ sọ fún Ba Kapembwa, ọ̀gá ilé ẹ̀tù tó ń yí kọ́kọ́rọ́? Ọkùnrin yẹn, àgbà ìjọ, ọmọ òfin, tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Àkọsílẹ̀ nìkan ló gbà gbọ́. Bó bá kàn wọlé tó ń sunkún, wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń ba obìnrin, wọ́n á gbé e síta, wọ́n á sì yí kọ́kọ́rọ́. Kò sì mọ iye ẹni tó kù nísàlẹ̀ gan-an.

Yàrá àtùpà ló rí lápá ọ̀tún rẹ̀, ó yà síbẹ̀.

Ba Musonda jókòó sórí àpótí, ó ń nu gíláàsì àtùpà kan. Kò sí awakùsà tó lè wọlẹ̀ láìgba àtùpà orí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí: bí o bá mú àtùpà kúrò lórí ìkọ́, wàá fi àmì idẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ sí kọ́ síbẹ̀, bí o bá dá àtùpà padà, wàá mú àmì idẹ rẹ. Nígbà tí káàdì dé, ọ́fíìsì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú àmì idẹ. Àwọn ọkùnrin ò jáwọ́. Ó ti mọ́ wọn lára.

"Ba Musonda, ta ló kù? Ẹ bá mi wo ìkọ́, ta ni kò tíì dá àtùpà padà?"

Bàbá náà gbójú sókè, ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà tí kò sí bàtà. "Bàtà ẹ dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá! Ta ló kù?"

"Mẹ́rin." Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Mo ti ń wò ó láti ìgbà tí fèrè ti dún. Mo ní bóyá wọ́n gbàgbé àtùpà sórí lọ sílé."

"Ẹ rí i tó ku mẹ́rin, ẹ sì jókòó?"

"Ọmọ mi, tèmi ni kí n sọ fún ta ni?" Ohùn rẹ̀ le. "Tẹ́lẹ̀, bí n ò bá fọwọ́ síwèé, ẹ̀tù ò lè gbiná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé káàdì dé lẹ ní kí n lọ jókòó. Ọdún mẹ́fà rèé, ẹnì kan ò wá bi mí léèrè."

Nkandu ti ń já àmì idẹ kúrò lórí ìkọ́. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ìkẹrin jẹ́ nọ́ńbà igba ó lé mẹ́rìnlá, etí rẹ̀ kan ti ṣẹ́ láti ìgbà tí Nkandu ti wà ní kékeré, tó máa ń fi í ṣeré lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ká ọwọ́ mọ́ wọn, ó sáré.

Fèrè kejì dún nígbà tó dé ibi òkìtì òkúta. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Òkúta ti gé e lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé bàbá òun ò ní sáré. Orúnkún ń dùn ún. Bó tilẹ̀ fẹ́ sáré, kò lè dé ìdí àgò irin tó ń gbé wọn sókè láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ilẹ̀kùn ilé ẹ̀tù ti wà ní títì. Ó fi ìkúùkù lù ú, ó fi orí lù ú. "Ẹ ṣí i! Ẹ má yí i! Ba Kapembwa, ẹ má yí i!"

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ọkùnrin gíga náà yọjú, inú ń bí i. "Nkandu? Ṣé orí ẹ pé? Fèrè kejì ti dún. Kúrò níbí."

"Ènìyàn mẹ́rin wà nísàlẹ̀."

"Àkọsílẹ̀ ní òdo."

"Irọ́ ni àkọsílẹ̀ ń pa."

"Àkọsílẹ̀ ta ni?"

"Tèmi ni." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n mọ́. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé kí ìlà lè yára. Nígbà tí iná lọ láàárọ̀, ó pa orúkọ wọn rẹ́. Ẹ lé mi lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gbé mi fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ yẹn."

Ba Kapembwa wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ti yí tán, iná pupa sì ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n á fojú mi rí bí mo bá fi ẹ̀tù sínú àpáta di ọ̀la lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Òfin ni..."

Nkandu la ọwọ́, ó da àmì idẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n dún gbirin-gbirin. Ọ̀kan yí kiri títí tó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ba Kapembwa náà fi wọlẹ̀ kó tó di ọ̀gá, ó sì ní tirẹ̀ nílé, nínú àpótí. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí bí àmì idẹ bá wà lókè tí ẹni tó ni ín ò sí. Ó na ọwọ́, ó dá kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ padà, ó fà á yọ, ó sì fi í sápò.

"Ẹ sọ àgò kalẹ̀!" ó ké sí àwọn tó wà níta. "Ènìyàn méjì kó wọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ kó àwọn tó kù wá. Kíá!"

Àgò pẹ́ kó tó dé ìsàlẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó padà. Nkandu jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kòtò, ó di àmì idẹ tó ti ṣà padà lórí tábìlì mú, ó ń wo okùn irin bó ṣe ń yí lórí kẹ̀kẹ́ gogoro. Aago méjì kọjá, ilẹ̀ ò mì. Àwọn ọkùnrin tó ti wẹ̀ tán dúró yí i ká, wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ba Chisanga gbé aṣọ òtútù rẹ̀ lé e léjìká. Nkandu ń rò ó pé bóyá ẹ̀tù á kàn gbiná fúnra rẹ̀, bóyá ó ti pẹ́ jù. Kò lè gbàdúrà, orúkọ mẹ́rin nìkan ló ń pè.

Ilẹ̀kùn àgò ṣí. Onípáìpù kan jáde, èkejì, ẹ̀kẹta, tí ojú wọn ti funfun bí eérú. Bàbá rẹ̀ ló jáde kẹ́yìn. Ó rọra ń tiro, agolo oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ apá.

"Mayo," ó ní, torí orúkọ ìyá rẹ̀ ló fún ọmọ náà, ìyá ló sì máa ń pè é. "Kí lo jókòó sílẹ̀ sí nínú òtútù yìí? Bàtà ẹ dà?"

"Tàtá, ṣé ẹ gbọ́ fèrè nísàlẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ. Méjèèjì." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àwọn onípáìpù. "Àwọn ọmọ yìí fẹ́ sá. Èyí tó kéré jù ti ń sunkún. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹ́ ká parí iṣẹ́ wa. Mo ní fèrè yẹn, dídánwò ni wọ́n ń dán an wò. Mo ní ọmọ mi ló ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ lókè. Bí orúkọ wa bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tanná. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ pín ubwali ẹ jẹ."

Ó na káàdì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà pariwo, iná rẹ̀ pọ́n, ó ní ọkùnrin yìí ò wọlẹ̀ lónìí. Ba Lombe tún un nà. Ó tún pọ́n. Ó wo káàdì náà, ó wá wo ọmọ rẹ̀.

"Orúkọ yín ò sí níbẹ̀, Tàtá," Nkandu ní. "Èmi ni mo yọ ọ́."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú bàbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú, ó wo inú kòtò tó ti jáde wá, ó sì wo ibi tí ilé ẹ̀tù wà. Lẹ́yìn ìgbà náà ló na ọwọ́ fún àmì idẹ rẹ̀. Nkandu gbé ọwọ́ sókè láti fún un, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ò gbà láti ṣí. Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì tú ìka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.